Aránṣọ Tó Bu Ajá Jẹ

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ìròyìn gba gbogbo àdúgbò pé aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé bu ajá onílé jẹ. Kí oòrùn tó kan àtàrí, ó ti bù ú jẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí àwọn ọmọ iléèwé fi máa dé, ó ti jẹ etí ajá náà kan tán, ó sì fi ìkejì pamọ́ de alẹ́. Ajá fúnra rẹ̀ jókòó sẹ́nu géètì pẹ̀lú etí rẹ̀ méjèèjì, ṣùgbọ́n ta ló ń bi ajá léèrè ọ̀rọ̀?

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀sùn kàn ló mú ìròyìn náà dùn. Àǹtí Ẹ-má-bínú ni gbogbo ayé ń pe aránṣọ yìí, nítorí bó bá fẹsẹ̀ kọ àga, àga ló máa bẹ̀. Aáyán kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́dún tó kọjá; ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Àǹtí fi ránṣọ lójú títì, kó má baà dí àlejò lọ́wọ́. Bí oníbàárà bá jágbe mọ́ ọn, ó máa gbà pé òun ló ba aṣọ náà jẹ́, ìbáà jẹ́ aránṣọ mìíràn ló rán an.

Ọ̀rọ̀ aáyán yẹn dùn ún. Ló bá fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára ògiri lẹ́yìn máṣíìnì: ìgboyà kan láàárọ̀, oore kan lọ́sàn-án. Bí ẹni ń lo oògùn ni.

Ìgboyà àárọ̀ ni kíkí ajá onílé. Má-dán-an-wò ni wọ́n sọ ajá náà, ó sì ga tó kọ́bọ́ọ̀dù. Lóṣù àkọ́kọ́, inú ilé ni Àǹtí ti ń kí i, pẹ̀lú ilẹ̀kùn títì. "Ẹ káàárọ̀ o. Ẹ má bínú." "Ẹ" ló ń lò fún un, bí ẹni ń bá àna rẹ̀ sọ̀rọ̀. Lóṣù kẹta, ó ṣí fèrèsé. Nígbà tó máa fi di oṣù kẹjọ, ìwọ̀n apá kan péré ló kù láàárín wọn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì kọjú sí ọ̀nà ilé.

Oore ọ̀sán sì ni bọ́tìnnì. Ẹnikẹ́ni tí bọ́tìnnì bá já lẹ́wù rẹ̀ tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, Àǹtí á bá a rán òmíràn sí i lórí ìdúró, á máa bẹ̀ ẹ́ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń wọlé tó ń jáde. Akọ̀wé kan ń sáré lé ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Àǹtí bá a sáré dé oríta, abẹ́rẹ́ lọ́wọ́, ó sì ti rán an tán kí ọkọ̀ tó dé. Bó bá wá kan òwú gígé, á tẹ orí mọ́ àyà onítọ̀hún, á fi eyín gé e: ká! Àlùmọ́gàjí ń bẹ lọ́rùn Àǹtí o. Ṣùgbọ́n ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ ti kìlọ̀ fún un pé a kì í gbé irin mímú sún mọ́ ọrùn èèyàn. "Àlùmọ́gàjí lè yọ̀," ni ọ̀gá máa ń wí, "eyín kì í yọ̀."

Ibí ni ọ̀rọ̀ ti wọ́. Olórí àwọn ọlọ́dẹ iléeṣẹ́ ńlá kan ni Bàbá Onílé kó tó fẹ̀yìn tì. Nígbà tó ń bọ̀ wálé, ó gbé ẹ̀wù iṣẹ́ rẹ̀ dání, ó sì ní kí wọ́n gé e fún ajá wọ̀. Bọ́tìnnì idẹ mẹ́rin ló wà níwájú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, èyí tó wà lọ́rùn já. Ẹ̀wù wá ń wọ́lẹ̀. Bí Má-dán-an-wò bá ti fẹ́ gbó, á tẹ ẹ̀wù mọ́lẹ̀, á sì dojú bolẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ojú ń ti ajá.

Bí ìgboyà àti oore ṣe pàdé lọ́jọ́ kan náà nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Àǹtí kúnlẹ̀ níwájú ajá. Ó fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́. Ó rán an. Ó tẹ̀ mọ́ ọrùn ajá. Ká! Ajá ní, "Hùn-ún." Ìgbà yẹn gan-an ni onígbàjámọ̀ òdìkejì títì gbójú sókè. Ó fi oníbàárà sílẹ̀ pẹ̀lú irùngbọ̀n ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń ròyìn láti ilé dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, Bàbá Onílé gbaná jẹ. "Ajá tí èèyàn ti bù jẹ, ta ló tún máa bẹ̀rù ẹ̀? Látàná, kò gbó mọ́! Ìrù ló ń jù!" Ó ní kí Àǹtí wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo ayálégbé lọ́jọ́ Ẹtì; bí kò bá ní àlàyé, kó kó máṣíìnì rẹ̀ kúrò. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń ránṣọ níbẹ̀.

Onígbàjámọ̀ yọ́ wá bá a. "Àǹtí, ẹ sọ pé ajá ló kọ́kọ́ bù yín jẹ, ẹ wá gbẹ̀san. Màá jẹ́rìí yín."

"Ṣé o rí i ni?"

"N ò rí i. Èyí tí mo kọ́kọ́ sọ ńkọ́, ṣé mo rí i tán ni?"

"Kí ni wọ́n á wá ṣe fún ajá?"

"Ajá tó ń bu ayálégbé jẹ? Wọ́n á lé e dànù ni."

Àǹtí mi orí. "Oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń kí i. Kò fẹnu burúkú dá mi lóhùn rí. Má bínú, n ò lè pa irú irọ́ yẹn."

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ayálégbé kún àgbàlá. Odindi bẹ́ǹṣì kan ni wọ́n fi sílẹ̀ fún Àǹtí nìkan. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí eyín kan òun. Àǹtí kò sọ̀rọ̀ níwájú èèyàn tó ju méjì lọ rí láyé rẹ̀.

"Aránṣọ," Bàbá Onílé ké, "ṣé o bu ajá mi jẹ, àbí o ò bù ú jẹ?"

Ó lanu. Ìgbà náà lojú rẹ̀ bá ẹ̀wù Bàbá. Níbi tí ikùn ti yọ jù, bọ́tìnnì kan ò sí níbẹ̀.

"Ẹ má bínú, Bàbá." Kí wọ́n tó wí pé kí ló dé, abẹ́rẹ́ ti wọlé. "N ò bù ú jẹ, sà. Bọ́tìnnì ọrùn ẹ̀wù ẹ̀ ló já. Bí mo ṣe rán an nìyí. Ẹ má mí." Ó tẹ̀ mọ́ ikùn Bàbá. Ká!

Igbe tí Bàbá ké jí àwọn ọmọ ọwọ́ ní àdúgbò kejì. Ni Má-dán-an-wò bá fò dìde, ó dúró ti Àǹtí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Bàbá Onílé ló ń gbó mọ́. Ó gbó títí àwo fi ń mì nínú ilé.

Bàbá fi ọwọ́ di ikùn mú, ó ń wo ajá. Ẹ̀rín rọra bọ́ lẹ́nu rẹ̀. "Ajá mi ti gbó," ló wí. Ó fa bọ́tìnnì tuntun náà wò, kò mì. "Jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ẹ, jàre."

Nígbà tó di àárọ̀ Sátidé, Àǹtí ti jẹ ìdodo onílé, ajá ló sì bá a dì í mú. Onígbàjámọ̀ ń fọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún ọkùnrin márùn-ún nígbà tí kọ́tìnnì ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ṣí. Àǹtí wọlé. Kò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin bàbá. Ẹ má bínú. Ajá, n ò bù ú jẹ o. Irun rẹ̀ díẹ̀ ló kó sí mi lẹ́nu, mo sì tu ú dànù. Ti Bàbá Onílé..." Ó yọ abẹ́rẹ́ kúrò lára aṣọ rẹ̀. "Òótọ́ ni. Eyín mi kàn wọ́n. Torí pé wọ́n mí ni, mo sì ti sọ fún wọn pé kí wọ́n má mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni, ìdodo wọn sì wà níbẹ̀; mo ti lọ wò ó láàárọ̀ yìí. Ẹ bá mi sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Onígbàjámọ̀, dìde dúró dáadáa. Bọ́tìnnì ọrùn ẹ ti já."