Ràfíátù àti Igbá Omi Kan

Ààlọ́ o.
Ààlọ̀.
Ẹ gbè é dáadáa, oorun ò tíì gbé yín. Ààlọ́ mi yí gbirigbiri, ó kọjá lára ọba, kò mú ẹranko kankan, ó wá balẹ̀ sẹ́sẹ̀ Ràfíátù tó ń fọ mọ́tò lọ́nà Ilé-Ogbó, ẹni tí ẹ máa ń kí lójoojúmọ́.

Ẹ mọ kànga ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ọdún tó kọjá, ó gbẹ. Wọ́n ju garawa sí i, erùpẹ̀ ló bá a gòkè. Àwọn afọmọ́tò yòókù gba oko lọ. Ràfíátù ní òun ò lọ. Bí òun bá lọ, ìlú Kuta ni, kí òun máa bó ẹ̀gẹ́ fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n òun. Ẹnu obìnrin yẹn sì mú ju ọ̀bẹ ẹ̀gẹ́ lọ.

Ó rò ó pé ṣebí eruku lásán ló wà lára mọ́tò. Ó mú àkísà gbígbẹ, ó fi nu tákísì Mikail tagbáratagbára. Nígbà tó ṣe tán, ìlà wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kún ara ilẹ̀kùn.

Mikail wò ó títí. "Ìyá Rìnsọ́lá, ṣé adìẹ lẹ ní kó bá mi fọ̀ ọ́ ni?"

"Àkísà ni mo fi nù ún."

"Àkísà tó ní èékánná."

Nírọ̀lẹ́, Rìnsọ́lá ọmọ rẹ̀ ń gbálẹ̀, eruku kó sí i lójú. Ràfíátù di ọwọ́ ọmọ mú. "Má fọwọ́ ra á. Iyanrìn ni, yóò ha ojú rẹ." Ó kán omi sí i, ó dúró díẹ̀, ó wá fi etí aṣọ tútù gbé eruku náà kúrò fẹ́rẹ́. Ló bá di aṣọ mú, ó ń wò ó. Kí lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ yìí?

Ilẹ̀ mọ́, ó bẹ Mikail pé kó jẹ́ kí òun fi tákísì yẹn dán nǹkan wò.

"Ẹ máa fi kọ́ṣẹ́ lọ. Adìẹ kúkú ti dé ibi gbogbo níbẹ̀."

Abẹ́ igi ni wọ́n gbé e sí, kí ara rẹ̀ tutù. Igbá omi kan, ọṣẹ olómi díẹ̀ kó lè máa yọ̀. Ó bu ú sínú ìgò tí wọ́n fi ń fín omi sí aṣọ tí wọ́n fẹ́ lọ̀, ó fín in sára ọkọ̀, ó dúró kí eruku mumi. Ó ṣẹ́ táwẹ̀lì rírọ̀ sí mẹ́rin, ó fà á láti òrùlé wá sísàlẹ̀, láìtẹ̀ ẹ́. Ojú táwẹ̀lì tó bá ti gbé eruku kì í padà sára ọkọ̀. Táyà ló kẹ́yìn. Kò sí ìlà tuntun kankan.

Ní Jímọ́ọ̀, tíṣà Oyèdàmọ́lá gbé ọkọ̀ dúdú rẹ̀ dé. Ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ di ọ̀la. Ẹ mọ̀ pé ìlà kì í sá pamọ́ lára ohun dúdú.

"Bí o bá ha á, gbogbo Ìwó ni mo máa sọ fún."

"Mo gbọ́, sà."

Tíṣà gbé àga tì í, ó ń ṣọ́ ọ. Nígbà tí Ràfíátù parí, tíṣà wọ awò ojú rẹ̀, ó lóṣòó, ó yí ọkọ̀ náà ká lẹ́ẹ̀mejì.

"Ràfíátù, omi dà?"

"Òun rèé, sà. Ó tiẹ̀ ṣẹ́kù."

Lọ́jọ́ Ajé, mọ́tò mẹ́rin ló tò síwájú ṣẹ́ẹ̀dì. Èyí tí ẹrẹ̀ oko bò, ó dá a padà; ó ní ẹrẹ̀ ń fẹ́ odò, igbá kan ò ká a. Àmọ́ Kuta, kò lọ.

"Ìyá àgbà, ta ló sọ fún un pé ara mọ́tò dà bí ojú ọmọ?"

Kò sẹ́ni tó sọ fún un, Tóbilọ́ba. Ẹnu ara rẹ̀ ló ti gbọ́ ọ. Ẹ wo Ṣemílọ́rẹ tó ń fọwọ́ ra ojú. Ìyẹn kì í ṣe eruku, oorun ni. Ó yá, ẹ dìde, ẹní ti wà nílẹ̀.