Télọ̀ Tó Ṣọ̀fọ̀ Òṣèré

Ọjọ́ tí olóògbé Ó-Ṣojú-Mi, télọ̀ wa, ṣọ̀fọ̀ òṣèré ni gbogbo àdúgbò ṣì ń sọ títí dòní. Oníbàárà kan ló kọ́kọ́ dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó fẹ́ gba kóòtù. Ìlàjì ilẹ̀kùn ló ṣí. Télọ̀ wa jókòó sórí àpótí, ó fọwọ́ lẹ́rán, ó sì ti da aṣọ bo maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀.

"Bàbá, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ta ló ṣaláìsí?"

"Ọmọbìnrin kan ni. Ọmọ gidi. Etí odò ni wọ́n ti rí i lánàá. Ọkọ rẹ̀ ń pè é, ń pè é, kò dáhùn."

Oníbàárà ṣí fìlà, ó kí i kú ọ̀fọ̀, ó sì gbàgbé kóòtù. Kó tó di ọ̀sán, ìròyìn ti tàn. Ìyá oníbúrẹ́dì gbé búrẹ́dì wá. Ṣúmékà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dojú kọ ti télọ̀ ti ilẹ̀kùn tirẹ̀ náà, ó wá jókòó tì í. Tíṣà kan tó ń kọjá lọ dúró, ó sọ ọ̀rọ̀ ìtùnú tó gùn díẹ̀. Kò sẹ́ni tó bèèrè ọmọ ta ni, nítorí kálukú rò pé òun nìkan ni òun kò mọ olóògbé náà, ojú sì ń tì wọ́n láti bèèrè.

Ìgbà tí ìyàwó télọ̀ dé láti ibi tó lọ, tó bá èrò, ni àṣírí tú. "Ta ló kú nílé mi tí wọn ò sọ fún mi?" Wọ́n ṣàlàyé fún un. Ó wo ọkọ rẹ̀, ó wo àwọn èèyàn, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ dìde ńlẹ̀ jàre. Inú sinimá lọmọ yẹn kú sí. Èmi náà wà níbẹ̀." Wọ́n ti jẹ búrẹ́dì tán nígbà yẹn.

Bó bá jẹ́ pé ibẹ̀ lọ́rọ̀ parí sí ni, à bá ti gbàgbé. Ṣùgbọ́n kò pẹ́ tí ilé sinimá fi gbé fíìmù mìíràn dé, òṣèrébìnrin kan náà ló sì wà nínú rẹ̀. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà tó ti yọ, ó ń rẹ́rìn-ín, atẹ́gùn ń fẹ́ ìborùn rẹ̀. Ó-Ṣojú-Mi fò dìde lórí ìjókòó, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè.

"Háà! Kú ewu, ọmọ mi! Kú ewu o! A mà ti ṣọ̀fọ̀ rẹ tán!"

Ọkùnrin tó ń fi tọ́ọ̀ṣì wá ìjókòó fún èèyàn sáré dé. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó. Eré ni wọ́n ń ṣe."

"Ta ló ní kì í ṣe eré? Mo mọ̀ pé eré ni wọ́n fi ikú ṣe. Ẹkún tí mo sun ńkọ́? Ṣé ìyẹn náà, eré ni?"

Ọkùnrin náà pa tọ́ọ̀ṣì rẹ̀. Nínú òkùnkùn níbẹ̀, ohùn obìnrin kan wá láti ẹ̀yìn: "Kú ewu o!" Ẹlòmíì gbà á, ẹlòmíì tún gbà á, títí gbogbo ilé sinimá fi ń kí obìnrin orí kẹ̀kẹ́ kú ewu. Mo wà níbẹ̀, mo bá wọn kí i, orí mi sì wú.

Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ ní Ó-Ṣojú-Mi láìmọ̀. Bó bá wo fíìmù, kì í sọ pé òun wo fíìmù kan. Á ní, "Ọkùnrin kan fi ilé sílẹ̀, kò bojú wẹ̀yìn, ó ṣojú mi kòró." Àjòjì tó bá wọ ṣọ́ọ̀bù á rò pé ìta gbangba níbẹ̀ ni nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Àwọn kan tilẹ̀ ń bèèrè bóyá ọlọ́pàá ti gbọ́.

Bó ṣe ń fi ẹsẹ̀ tẹ maṣíìnì ló ń fi ẹnu sọ fíìmù, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ ń sáré. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfẹ́, maṣíìnì á máa rọra lọ, ojú rírán á gún régé. Ṣùgbọ́n bí olè bá ti yọ, bí mọ́tò bá ti ń lé mọ́tò, kí Ọlọ́run má jẹ́ kó jẹ́ aṣọ tìẹ ló wà lábẹ́ abẹ́rẹ́. Tíṣà ọlọ́rọ̀ ìtùnú yẹn gba ṣòkòtò lọ sílé lọ́jọ́ kan, ó sì gbé e padà wéré.

"Bàbá, n kò ríbi yọ ẹsẹ̀ ọ̀tún. Ẹ ti rán ẹnu ṣòkòtò pa."

Ó-Ṣojú-Mi gbà á, ó gbé e síwájú ìmọ́lẹ̀. "Òótọ́ ni. Ibí yìí ni olè ti fo ògiri."

"Ògiri wo?" ni tíṣà wí, ó sì fa àga. Ìrọ̀lẹ́ ló tó délé, kò sì rántí mú ṣòkòtò dání.

Kò sí ohun tí kì í ya ọkùnrin yìí lẹ́nu nínú fíìmù, ìyanu yẹn ló sì máa ń ràn wá. Ó lọ wo ọ̀kan nínú àwọn ti àtijọ́, tí kò láwọ̀ tí kò sì lóhùn, ó dé bí ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn bọ̀. "Gbogbo ẹnu ló ń mì, ohùn kan ò jáde, síbẹ̀ mo gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n wí. Ìyàwó ilé kan ń retí ọkọ rẹ̀ lójú fèrèsé. Òjò ń rọ̀. Kò ṣe nǹkan kan ju pé ó fọwọ́ kan gíláàsì. Ọwọ́ yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi! Ọwọ́ lásán!" Ó gbé ọwọ́ tirẹ̀ sókè, tí ẹfun tí wọ́n fi ń sàmì sára aṣọ ti kun ún. A wo ọwọ́ yẹn títí ó fi dà bíi pé gíláàsì wà níwájú rẹ̀ lóòótọ́.

Ti òde òní ńkọ́? "Wọ́n dára, n kò ní purọ́ mọ́ wọn. Ilé ń wó, ọkọ̀ ń fò, iná ń sọ lálá. Ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí ojú èèyàn sinmi. Kí n tó mọ ẹni tó ń sáré, ó ti kú. Kí n tó sunkún rẹ̀, ẹlòmíì ti ń sáré." Síbẹ̀, ọ̀kan wà tó jẹ́ tuntun gan-an tó pa á lẹ́nu mọ́. Ìyá kan ló ń ká aṣọ ọmọ rẹ̀ tó ti kú. Nígbà tí a ní kó sọ ọ́, gbogbo ohun tó rí sọ ni pé, "Ó ká a dáadáa." Kò gé aṣọ ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà.

Ṣúmékà ni alátakò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ lọ wo fíìmù tí Ó-Ṣojú-Mi ti sọ fún wa, ó sì fi ìbínú dé.

"Ẹ̀gbọ́n, mo jókòó títí wọ́n fi tan iná. Ìyá ọmọ yẹn ò wá sí ọgbà ẹ̀wọ̀n. Kò tilẹ̀ sí ìyá kankan níbẹ̀!"

"Kò wá?"

"Kò wá rárá!"

"Ó yẹ kó wá." Télọ̀ ò gbójú sókè lórí iṣẹ́. "Ọmọ wà lẹ́wọ̀n, ṣé kí ìyá jókòó sílé ni? Àbí o fẹ́ kí n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ níbẹ̀ kó máa dá wà?"

Ṣúmékà dúró, ó họrí. "Ohun tí ìyá náà bá a sọ dùn mọ́ mi ṣá o. Ẹ tún un sọ." Àwọn kan ń pe irú èyí ní irọ́. Èmi ò gbà. Ẹni tó ń wá alábẹ̀wò fún ẹlẹ́wọ̀n kì í ṣe òpùrọ́.

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló mọ ibi tí fíìmù parí sí àti ibi tí ọkọ òun ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀bù, tó ń fọwọ́ rán ojú bọ́tìnnì, ọ̀sán Sátidé ni wọ́n sì jọ ń lọ sí sinimá. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ní kí wọ́n tan iná lọ́sàn-án gangan. Òwú ò wọ abẹ́rẹ́ mọ́. Dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò, ó ní kò sí ohun tí òun lè ṣe. Lọ́jọ́ tí kò rí òwú mọ́ rárá, ó fi abẹ́rẹ́ gún tìmùtìmù, ó wọ yàrá lọ, ó kọjú sí ògiri.

Ojú tó fọ́ kọ́ ló dẹ́rù ba Ó-Ṣojú-Mi, bí kò ṣe ẹ̀rín tó dákẹ́. Ó sọ fún ṣúmékà pé bí ẹ̀rín yẹn kò bá padà, òun kò mọ ẹni tí òun tún ń bá gbélé. Gbogbo wa mọ̀ pé òótọ́ ló sọ, nítorí láti òdìkejì títì la ti máa ń gbọ́ ẹ̀rín obìnrin náà.

Ó gbìyànjú ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ó dá lọ sí sinimá, ó jókòó sétí ibùsùn, ó sọ fíìmù náà fún un tòun ti gbogbo ohun tó fi kún un. Obìnrin náà gbọ́ ọ tán. "Olówó orí mi, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n ti ẹ̀yin kọ́ ni mo fẹ́. Mo ti ń gbọ́ ti ẹ̀yin láti ìgbà tí ẹ ti gbé mi níyàwó. Ohun tó wà níbẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ rí."

Iṣẹ́ dé. Ẹni tó ti ń bu iyọ̀ sí ọ̀rọ̀ láti kékeré ni wọ́n ní kó máa sọ ọ́ ní títẹ́ yìí. Ó fa ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́ lọ sí ilé sinimá. Lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin náà dúró, ó fẹ́ yí padà. "Kí ni afọ́jú ń wá ní sinimá?"

"Ọkọ rẹ̀ ló ń wá. Wọlé jàre."

Ọjọ́ àkọ́kọ́ ò dára. Ó ń sọ ọ́ sí i létí jẹ́jẹ́: "Ọkùnrin náà wọlé. Òdòdó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ níwájú obìnrin náà..." Gbogbo ilé sinimá bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó rẹ̀ ja á léèékánná.

"Ẹni tó kúnlẹ̀ kì í pa èèyàn lẹ́rìn-ín báyìí. Kí ló ṣe gan-an?"

Ó-Ṣojú-Mi mí kanlẹ̀. "Ó yọ̀ ṣubú."

"Òdòdó ńkọ́?"

"Kò sí òdòdó." Bí wọ́n ṣe ń bá a lọ nìyẹn títí fíìmù fi parí, apá télọ̀ sì wú délé.

Ṣùgbọ́n ó kọ́ ọ. Sátidé dé, Sátidé lọ, ó kọ́ ọ. "Yàrá kékeré ni. Ọwọ́ ọ̀tún ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wọlé. Ó gbé ife tíì, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó gbé e sílẹ̀, kò mu ún. Ó ń wo ilẹ̀kùn." Àwọn tó wà níwájú kọ́kọ́ ń bínú. Ọ̀dọ́bìnrin kan yí padà láti bá wọn wí, ó rí ojú ìyá afọ́jú náà, ó sì rọra yí ọrùn padà.

Mo jókòó tì wọ́n lọ́jọ́ ife tíì yẹn. Mo pa ojú mi méjèèjì dé, mo fi etí wo fíìmù. Nígbà tí mo là á, mo rí i pé ọwọ́ òṣèré ń gbọ̀n lóòótọ́, tí ife ń mì lórí àwo. Mo ti wo fíìmù yẹn rí. N kò rí ọwọ́ yẹn rí. Ẹnu yà mí gidigidi, pé ojú ti wà lórí mi láti ọjọ́ yìí wá tí n kò fi í wo nǹkan. Ibẹ̀ ni ẹnì kan ti pariwo láti ẹ̀yìn: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbóhùn sókè díẹ̀, a ò gbọ́ yín níbí!"

Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, irú èyí tó ń dá títì kọjá.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ ò tíì purọ́ látìgbà tí a ti jókòó."

Nígbà tí Ó-Ṣojú-Mi fi ayé sílẹ̀, ojú oorun ló gbà lọ, kò da ẹnikẹ́ni láàmú. Ìyàwó rẹ̀ ò lọ sí sinimá mọ́. Ó tún kọjú sí ògiri, a sì ń bẹ̀rù pé a ti pàdánù òun náà. Ní Sátidé kan, ṣúmékà lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.

"Ìyá, ẹ dìde. Ẹ jẹ́ ká lọ."

Wọ́n lọ, mo tẹ̀lé wọn. Fíìmù bẹ̀rẹ̀, òógùn bo ṣúmékà.

"Àbúrò, kí ló ń ṣẹlẹ̀?"

"Ọkùnrin kan ni, ìyá. Ó ń rìn."

"Irú ìrìn wo?"

"Ó... ó ṣáà ń rìn." Ọkùnrin àgbàlagbà yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Ẹ má bínú. N kò mọ bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń sọ ọ́. Bàtà nìkan ni mo mọ̀ láyé mi."

"Sọ bàtà náà fún mi."

Ṣúmékà nàró lórí ìjókòó, ó tẹjú mọ́ ọn. "Bàtà dúdú ni, olókùn. Okùn kan ti já, ó fi òmíì so ó. Gìgísẹ̀ rẹ̀ ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Eruku bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀. Kì í fi gbogbo ẹsẹ̀ òsì tẹlẹ̀, bàtà náà ń gé e."

Ìyá náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó fi ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀nà jíjìn ló ti ń bọ̀ nìyẹn."

"Ó jìn, ìyá. Ó ti rẹ̀ ẹ́."

"Ṣé o rí ilé níwájú rẹ̀?"

Ṣúmékà wò ó títí. Gbogbo àwa tí a wà ní ìlà náà ń retí ohun tó máa sọ. "N kò rí ilé," ló sọ. "Ọ̀nà ni mo rí."

Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú. "O ṣeun. Máa sọ ọ́ lọ. A ó jọ wò ó títí yóò fi délé."