Fi Owo Sile

Bàbá mi kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí kò ní ọjà. Bó ṣe máa ń sọ ọ́ nìyẹn. Láti ìgbà tó ti Ògbómọ̀ṣọ́ dé ló ti ń ta abọ́ àti ìkòkò ní ọjà Adjamé, nílùú tí wọ́n ti ń sọ Faransé níbí, lójú tirẹ̀, ẹni tó bá jí lọ síbi iṣẹ́ tí kò rí nǹkan kan gbé kalẹ̀ kí ènìyàn wá ná an, eré ló ń ṣe. Èmi ọmọ rẹ̀ obìnrin sì rèé, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe abọ́ ike ní zone industrielle, àdúgbò àwọn ilé iṣẹ́, ní Yopougon, mò ń tẹ ìwé ọjà lórí ordinateur, ìyẹn kọ̀ǹpútà. "Ìwọ ń tẹ ìwé abọ́," ni ó máa ń wí, "èmi ń ta abọ́. Ta ló ń ṣiṣẹ́ nínú àwa méjèèjì?"

Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kejì, èmi ló sì fẹ́ fi síbẹ̀. Ó ní òun máa wá fi ojú ara òun rí iṣẹ́ tí mò ń ṣe. Tí kò bá tẹ́ òun lọ́rùn, kí n bá òun gba Adjamé lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Mo mọ bàbá mi: tó bá ti sọ ọ́, ó sọ ọ́ nìyẹn. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ yẹn. Mo fẹ́ràn àga mi, mo fẹ́ràn fáànù, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa pè mí ní Mademoiselle, kí ni mo fẹ́ máa purọ́ fún?

Ìparí àwọn ọdún 1990, années quatre-vingt-dix, ni. Ọmọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà wa ṣe, Plateau ló wà, ní àárín ìlú, lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Tẹ́lẹ̀, tí ẹ̀rọ mi bá dákú, ó ní láti wọ bọ́ọ̀sì wá sí Yopougon, kó tó dé, ilẹ̀ á ti fẹ́ ṣú. Ni wọ́n bá ra àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní modem. Màá ki okùn tẹlifóònù bọ̀ ọ́, á pariwo bí ìgbà tí ènìyàn ń fi ṣíbí irin ha ìdí ìkòkò, ọmọkùnrin náà á sì ti Plateau wọ inú ẹ̀rọ mi. Ohun tí mo bá ń rí lójú ẹ̀rọ ni òun náà á máa rí. Souris, eku ẹ̀rọ, tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́hùn-ún ni á máa darí ọfà kékeré tó wà lọ́dọ̀ mi.

Níwọ̀n bí ẹ̀rọ ti gba okùn tẹlifóònù, a kò lè sọ̀rọ̀ mọ́, ó máa ń kọ̀wé sójú ẹ̀rọ ni. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Treichville nílùú yìí ni, ó ń gbọ́ Yorùbá ju bó ṣe ń sọ ọ́ lọ. Nígbà tó mọ̀ pé Yorùbá ni èmi náà, ó sọ mí di tíṣà ọ̀fẹ́. Clavier Faransé, ìyẹn pátákó ìtẹ̀wé, kò ní àmì ohùn, òun náà kò sì mọ̀ ọ́n fi sí i, nítorí náà gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló máa ń wá ní ìhòòhò. Èyí tó máa ń kọ jù ni FI OWO SILE, torí tí ọwọ́ mi bá wà lórí souris tèmi nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́, ọfà á máa sá síhìn-ín sá sọ́hùn-ún. Màá gbọ́wọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ bùṣe.

Bàbá mi dé ní lundi, ọjọ́ Ajé kan, pẹ̀lú fìlà àti agbádá, owó tó fẹ́ fi ra abọ́ ike lọ́dọ̀ wa nínú àpò. Oníṣòwò kì í rin ìrìn lásán. Ó kí gardien tó ń ṣọ́ ẹnu géètì ní èdè Dyula, ó wọlé, ó wo tábìlì mi yíká. "Ọjà rẹ dà?"

"Inú ẹ̀rọ yìí ló wà, Bàbá." Mo tẹ̀ ẹ́ kí n fi hàn án. Ẹ̀rọ kọ̀. Ìwé ọjà kankan kò ṣí.

Bàbá mi wò mí. "Ọjà ti tán ni?"

Mo pe Plateau, mo ki okùn bọ modem, ariwo ṣíbí bẹ̀rẹ̀. Àsìkò yẹn gan-an ni dírẹ́bà lọ́rì kan ń pariwo níta pé òun fẹ́ ìwé òun. Mo fi bàbá mi jókòó sórí àga mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, mò ń bọ̀. Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan." Ta ni mo jẹ́ tí màá sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún bàbá mi?

Ẹnu òun fúnra rẹ̀ ni mo ti gbọ́ ìyókù. Ó ní ọfà ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Òun sì di souris mú gírígírí kó má baà sá lọ. Ni ọ̀rọ̀ bá yọ: MO TI WOLE. FI OWO SILE.

Bàbá mi mọ Yorùbá kà. Lẹ́tà ilé kì í ní àmì, òun ló máa ń fi ohùn sí i fúnra rẹ̀. Ohùn tí oníṣòwò á sì fi sí "owo", ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Ó kà á pé: "Mo ti wọlé. Fi owó sílẹ̀!"

Ó tún di souris mú sí i. Òmíràn yọ: TI O KO BA FI OWO SILE MI O NI LO.

Ó ní ohun tó dun òun jù ni pé òun wá sí ìlú onílùú, ọmọ ilé ló tún wá ń ja òun lólè. Ṣùgbọ́n oníṣòwò ni. Ó ní, "Ọmọ mi, jẹ́ ká sọ ọ́," ó fi ọwọ́ méjèèjì yọ ìdajì owó náà, ó tẹ́ ẹ síwájú ẹ̀rọ. Ọwọ́ ti kúrò lórí souris nìyẹn. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé: O SEUN.

Olè tó ní ẹ̀kọ́ ilé! Ara tù ú díẹ̀. Ó tún fọwọ́ kan souris kó mọ̀ bóyá olè ti lọ. FI OWO SILE! Ló bá kó ìyókù kalẹ̀. O SEUN. Ó tún fọwọ́ kàn án. FI OWO SILE! Bàbá mi dìde, ó gbọn àpò agbádá jáde fún ẹ̀rọ wò. "Ó tán! Wò ó! Ó tán!" Ló bá figbe olè ta: "Voleur! Voleur o!"

Gardien sáré wọlé pẹ̀lú kóńdó, mo tẹ̀lé e. "Voleur dà?" Bàbá mi nawọ́ sí kọ̀ǹpútà. Gardien gbé kóńdó sókè, mo fara bo ẹ̀rọ. Ibẹ̀ ni mo ti rí owó tí wọ́n tẹ́ bí ọjà, mo sì rí ohun tó wà lójú ẹ̀rọ. Ẹ̀rín pa mí. Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ọwọ́ ni, Bàbá! Kì í ṣe owó! Ó ní kí ẹ gbọ́wọ́ kúrò lórí souris ni!"

Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó kó owó rẹ̀ sápò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi. Mo ti fi bàbá mi rẹ́rìn-ín lójú gardien, mo ti rí ara mi láàárín ìkòkò ní Adjamé.

Ìwé ọjà ṣí, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́, dírẹ́bà gba tirẹ̀. Bàbá mi ń wò ó. "Ọmọ yẹn ló ṣe é? Láti Plateau?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. "Pè é fún mi."

Ó gba tẹlifóònù. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé bí wọ́n ṣe ń bá àgbà sọ̀rọ̀ ní Treichville nìyẹn?" Mo ń gbọ́ ohùn ọmọkùnrin náà: "Pardon, Bàbá, ẹ má bínú, clavier ni." Bàbá mi gbọ́ díẹ̀ sí i, ó gbé tẹlifóònù sílẹ̀. "Ó ní òun ti dọ̀bálẹ̀ níbi tí òun wà."

Ó ra abọ́ ike rẹ̀. Mo sìn ín dé ẹnu géètì. Ọwọ́ rẹ̀ wà léjìká mi, ó wúwo. Gbaka, ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Adjamé, dúró, wọ́n di abọ́ sórí rẹ̀. Mi ò lè mú un mọ́ra mọ́. "Bàbá, ṣọ́ọ̀bù ńkọ́?"

"Kí ni ọmọ yẹn ní kí n ṣe?"

"Ó ní kí ẹ fi ọwọ́ sílẹ̀."

"Owó àbí ọwọ́?"

"Ọwọ́ ni, Bàbá."

Ó gbé ọwọ́ kúrò léjìká mi, ó wọ gbaka, ó sì lọ láìmú mi dání.