Olùṣọ́ Àgbà

Ọkọ mi ló fi ọmọ wa obìnrin jẹ oyè, ní ẹ̀yìnkùlé wa ní Kalikak, ní Libreville. Igi mẹ́ta péré ló wà níbẹ̀: máńgòrò, píà, àti atanga, èso aláwọ̀ aró tí àwọn ará Gabon máa ń rẹ sínú omi gbígbóná kó lè rọ̀. Ní tèmi, ibi tí mo ń sá aṣọ sí ni. Ṣùgbọ́n ọkọ mi ti sọ fún ọmọ pé ìlú kan ni, ìlú tí ewé kì í gbẹ. Ó ní ẹni tó bá purọ́ lábẹ́ máńgòrò, ahọ́n rẹ̀ á wúwo, àti pé atanga kò ní pọ́n láéláé bí ẹnì kan kò bá kí i láàárọ̀. Abẹ́ máńgòrò náà ló jókòó sí tó ń pa gbogbo irọ́ yìí, ahọ́n rẹ̀ kò sì wúwo.

Lọ́jọ́ ìwúyè, a ò rí ewé akòko, ewé máńgòrò ni ọkọ mi já fi lé ọmọ lórí. Ó gbóhùn sókè: "Láti òní lọ, ìwọ ni Olùṣọ́ Ọgbà!"

Ọmọ tí a bí sí Libreville, tó ń fi Faransé lálàá, lu àyà rẹ̀: "Moi, Olùṣọ́ Àgbà!"

Mo bú sẹ́rìn-ín. Ọgbà igi ti di àgbà onírungbọ̀n! Mo fẹ́ tún un ṣe, ọkọ mi ṣẹ́jú sí mi.

"Fi í sílẹ̀, ìyá ọmọ mi. Àgbà náà nílò olùṣọ́."

Ọmọ kò fi oyè náà ṣeré rárá. Láràárọ̀, pẹ̀lú aṣọ iléèwé lọ́rùn, á kúnlẹ̀ kí igi kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo bí i, bí mo bá fẹ́ já píà, mo gbọ́dọ̀ tọrọ àyè lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì lè ní kí n padà wá lọ́la.

Wọ́n ní ikú ò dọ́jọ́, àrùn ò dóṣù. Àyà bẹ̀rẹ̀ sí í dun ọkọ mi, kò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Ọmọ gbé ẹní rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn bàbá rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Mo ní kó lọ ṣeré níta.

"Non, Maman. Papa ti ní ewú lórí. Iṣẹ́ mi ni."

Mo rò pé ìfẹ́ lásán ni. Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, oorun gbé ọmọ lọ pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́. Mo wà ní ilé ìdáná, mò ń rẹ atanga tí ọkọ mi ní òun fẹ́ jẹ. Nígbà tí mo gbé e dé, ọkọ mi ti kú. Kí oòrùn tó wọ̀, a ti sin ín bí ẹ̀sìn wa ṣe wí.

Láti ọjọ́ náà, ọmọ kò dé ẹ̀yìnkùlé mọ́. Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ó mú ewé oyè rẹ̀ tó ti gbẹ wá, ó fi í sí mi lọ́wọ́.

"Gbà, Maman. Mi ò ṣe é mọ́. Mo sùn."

Ìgbà yẹn ló tó yé mi. Mo fà á mọ́ra, mo ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ kò sọ pé àgbà. Ọgbà ló sọ. Igi ló ní kí o máa ṣọ́. Wò wọ́n, gbogbo wọn ló wà láàyè. O ò jẹ̀bi ohunkóhun."

Ó wo ìta láti ojú fèrèsé. "Ọgbà," ó pè é, ó sì pè é dáadáa, fún ìgbà àkọ́kọ́. Ara tù mí díẹ̀. Mo rò pé ó ti tán.

Ó wá yíjú sí mi. "Alors, Maman, ta ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ Papa?"

Ewé náà ti rún sí mi lọ́wọ́ kí n tó mọ̀ pé mò ń fún un pọ̀. Èmi ìyàwó rẹ̀, ilé ìdáná ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń rẹ atanga.