Ènì Tí Mo Gbà ní Pẹrú

Sẹ́ńtì márùndínlọ́gọ́rin ni a fi ń fọ aṣọ ẹ̀kún ẹ̀rọ kan ní ilé ìfọṣọ tó wà lẹ́yìn ilé tí a háyà ní Houston. Bí ẹ bá fẹ́ kó gbẹ, ẹ ó tún san òmíràn. Èmi kì í san ti gbígbẹ. Mo máa ń ru aṣọ tútù lọ sílé ni, mo máa ń sá a sórí irin iwájú ilé, àwọn aládùúgbò á máa wò mí bí ẹni pé ẹran ìgbẹ́ ni mo sá síbẹ̀. Bí mo ṣe mọ obìnrin kan tó jẹ́ ará Pẹrú nìyẹn. Òun náà ń ru aṣọ tútù lọ sílé. A wo ara wa, a bú sẹ́rìn-ín. Ahun mọ ahun.

Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀, tèmi náà kò pọ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń gbọ́ ara wa yékéyéké. Òun ló sọ fún mi pé lórí òkè ìlú wọn, ẹran kan wà bí àgùntàn tí ọrùn rẹ̀ gùn, pé irun rẹ̀ ni àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ń hun súwẹ́tà, àti pé owó tí wọ́n ń tà á kò tó nǹkan.

Mo ń kọ èyí nítorí àwọn ìyá ìjọ wa tí wọn kò jẹ́ kí n sinmi. Gbogbo ẹni tó bá fẹ́ lọ sí Pẹrú, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń darí rẹ̀ sí. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìkẹfà gan-an kò sì wọlé dáadáa. Ẹ gbà á bí mo ṣe kọ ọ́.

Ní ọdún náà, owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, ilé iṣẹ́ tí ọkọ mi ti ń ṣe ẹnjiníà ní kó máa lọ sílé. Èmi ní ìsọ̀ kékeré kan ní ọjà òpin ọ̀sẹ̀, mo ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti pọ́máàdì. Kò tó wa jẹ. Ọkọ mi wá ní kí á kó àwọn ọmọ wa méjèèjì lọ bá ìyá òun ní Ìjẹ̀bú lẹ́yìn ọdún tuntun, títí nǹkan yóò fi dáa. Èmi mọ ohun tí "títí nǹkan yóò fi dáa" ń jẹ́. Mo mọ ọmọ tí wọ́n kó lọ sílé báyìí, tó jẹ́ pé irùngbọ̀n ló fi padà wá bá ìyá rẹ̀.

Àjọ ṣẹ̀ṣẹ̀ kàn mí nígbà náà, ẹgbàá dọ́là. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ fi í lọ ra súwẹ́tà ní Pẹrú.

"Súwẹ́tà? Ní Houston? Níbi tí òógùn ti ń bọ́ lára ẹni nínú oṣù kẹwàá?"

"Dádì, nígbà tí ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́, kí ni ẹ máa ń wọ̀ ní ọ́fíìsì?"

Súwẹ́tà ni. Ẹ̀rọ amúlétutù Houston kò mọ̀ pé ọyẹ́ ní àsìkò tirẹ̀.

"Ó dáa," ó ní. "Bí o bá pàdánù dọ́là kan péré, àwọn ọmọ á lọ bá Màmá. Bí o bá jèrè dọ́là kan péré, o ò ní gbọ́ Ìjẹ̀bú lẹ́nu mi mọ́."

"Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

"Ìwọ lo máa kà á?"

A rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fi ṣeré nínú àwa méjèèjì.

Ọ̀rẹ́ mi ará Pẹrú yẹn ń lọ kí ìyá rẹ̀ ní Kúsíkò, ìlú wọn lórí òkè, mo tẹ̀lé e. Ìlú náà ga débi pé èémí kì í kún àyà ẹni. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, ẹ má ṣe akin o, ẹ dùbúlẹ̀. Èmi ṣe akin. Mo gbé báàgì mi gun àtẹ̀gùn, kí n tó dókè, ó ti dà bí ẹni pé wọ́n ń gúnyán nínú orí mi. Ìyá ọ̀rẹ́ mi rẹ ewé koka sínú omi gbígbóná fún mi, mo mu ún bíi tíì, ara mi balẹ̀. Lọ́dọ̀ wọn, ewé yẹn kò ní ẹ̀ṣẹ̀ kankan. Ṣùgbọ́n ẹ má dì í sínú ẹrù bọ̀ wá sí Amẹ́ríkà! Àwọn tó ń yẹ ẹrù wò ní pápákọ̀ òfuurufú kò ní bi yín bóyá orí ló ń fọ́ yín.

Owó dọ́là yín, ẹ tẹ́ ẹ pẹlẹbẹ sínú ìwé. Èmi ká tèmi ní kékeré, mo dì í mọ́ etí ìró bí ìyá mi ti kọ́ mi. Àwọn tó ń ṣẹ́ owó lójú títì gbé e sókè sí oòrùn, wọ́n rí ihò tí kò tó ojú abẹ́rẹ́, wọ́n dá a padà fún mi bí ẹni dá ẹja jíjẹrà padà. Mo yá irin ìlọṣọ, mo lọ owó náà. Lílọ kì í rán ihò. Ẹ má sì ṣẹ́ púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, torí owó tiwọn nígbà yẹn, bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́ ló ń fúyẹ́ sí i. Ìjà tún wà ní àwọn òkè kan. Ibi tí onílé yín bá ní kí ẹ má dé, ẹ má dé ibẹ̀.

Ní ti oúnjẹ, ọ̀dùnkún òyìnbó wọn pọ̀ ju oríṣi tí mo lè kà lọ. Wọ́n tún ń sun ẹran kan tó dà bí òkété tí kò ní ìrù. Ẹni tó bá ti jẹ òkété kò gbọ́dọ̀ yínmú sí i. Bí wọ́n bá bu ọtí àgbàdo fún yín, ẹ kọ́kọ́ ta díẹ̀ sílẹ̀. Ilẹ̀ ni wọ́n ń fún. Bàbá bàbá mi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má sọ fún pásítọ̀ pé èmi ni mo sọ ọ́.

Ẹ wá gbọ́ ẹ̀ṣẹ̀ mi. Ní ọjọ́ kẹta, mo dá jí lọ sọ́jà ní kùtùkùtù. Mo rí obìnrin kan tó dé fìlà bíi ti ọkùnrin, irun rẹ̀ jẹ́ ìdì méjì gígùn dé ìdí, ó ń tú súwẹ́tà rẹ̀ sílẹ̀. Súwẹ́tà náà fúyẹ́, ó rọ̀ bí òwú. Ìka la fi ná an. Ó na dọ́là mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo na mẹ́rin. Ó wò mí, ó na mẹ́rìnlá. Mo na mẹ́rin. Kò na nǹkan kan mọ́. Mo bá yí padà, mo ń lọ, mo ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, mo ń retí kó pè mí padà. Ibẹ̀ kì í ṣe ilé wa o: kò pè mí. Nígbà tí mo bojú wẹ̀yìn, híhun ló ń hun aṣọ rẹ̀. Ìsọ̀ méjì tó tẹ̀ lé e, bí mo ṣe dé ibẹ̀ ni wọ́n fi aṣọ bo ọjà mọ́ mi lójú.

Mo délé pẹ̀lú ìbínú, mo rò fún ọ̀rẹ́ mi.

"Ẹni kelòó ni ọ́ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láàárọ̀?"

"Ẹni àkọ́kọ́ ni. Kò tíì tú ẹrù tán."

Ó gbá orí mú. "Ìwọ lo kọ́kọ́ dé, o ná ọjà, o sì lọ lọ́wọ́ òfo? O ti ba gbogbo ọjọ́ rẹ̀ jẹ́! O sì ní òǹtajà ni ọ́!"

Ojú tì mí débi pé mo jókòó. Èmi tí mo ti lé ènìyàn kúrò níwájú àtẹ mi ní Ìjẹ̀bú nítorí ohun kan náà! Mo ti rò pé ìlú àwọn ẹlòmíràn ni mo wà, pé ọjà wọn kò ní orí. Ìfẹ́ èrè ló bo ojú mi.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kẹrin mọ́, mo tún jí lọ, ọ̀rẹ́ mi tẹ̀lé mi. Mo mú fìlà ọmọdé kan ṣoṣo, mo san iye tí obìnrin náà dárúkọ, mi ò ná an rárá. Ó gba owó náà, ó fi í pa gbogbo ọjà rẹ̀ lórí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé ìparí. Mo ní "Àmín" kí n tó mọ̀ pé ẹnu mi ló ti jáde. Ó rẹ́rìn-ín, ó fa àpótí fún mi, ó ní, "Kasérà."

Mo bi ọ̀rẹ́ mi ohun tó sọ. Ó ní bí òǹtajà ṣe ń pe ẹni tó ń ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó ń rà ṣe ń pe òǹtajà.

"Kọ́sítọ́mà!" mo kígbe.

Dọ́là méjìlá méjìlá la parí súwẹ́tà sí, mo ra ọgọ́ta. Lẹ́yìn tí mo sanwó, mo tẹ́wọ́, mo wo àwọn fìlà ọmọdé. "Yápà?" ó ní. Ọ̀rẹ́ mi ò tíì túmọ̀ rẹ̀ tí mo ti mọ̀ pé ènì ni. Ó fi fìlà kan lé mi lọ́wọ́. Mo wo fìlà náà bí ìyá mi ṣe máa ń wo ẹni tó bu gààrí ahun. Ó fi òmíràn lé e. Ọwọ́ mi kò kúrò níbẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń fi lé e, títí ó fi di mẹ́tàlá. Ọ̀rẹ́ mi ní obìnrin náà ní òun kò tíì rí irú ọwọ́ báyìí rí. Mo ní kó sọ fún un pé ọwọ́ ìyá mi ni.

Mo padà dé Houston, ooru ń jó. Ọgbọ̀n dọ́là ni mo ń ta súwẹ́tà kan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo ta márùn-ún. Ọkọ mi ń bá mi wo ojú ọ̀run, ó kàn ń bi àwọn ọmọ bóyá wọ́n rántí orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ní ilé. Oṣù Kejìlá ni otútù kan ya wọ̀lú, omi dì nínú páìpù. Àwọn ẹnjiníà rà, àwọn nọ́ọ̀sì rà, àwọn aládùúrà rà láti wọ̀ sábẹ́ sùtánà. Ó kù díẹ̀ kí á ṣe Kérésìmesì, èyí tó kẹ́yìn lọ.

Ọkọ mi mú bírò. Owó ọkọ̀ òfuurufú, físà, oúnjẹ, ìsọ̀, ọjà, títí kan fìlà kan tí mo rà, gbogbo rẹ̀ jẹ́ dọ́là ẹgbẹ̀sán ó lé ẹyọ kan. Ọgọ́ta súwẹ́tà ní ọgbọ̀n dọ́là jẹ́ ẹgbẹ̀sán géérégé. Ó gbé bírò sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Dọ́là kan," ó ní. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́. Àánú mi ló ṣe é.

Mo wọ yàrá, mo kó fìlà mẹ́rìnlá jáde nínú báàgì. Àwọn ọmọ àbúrò mi ni mo ti fi wọ́n pamọ́ fún.

"Èló lo ra ìwọ̀nyí?"

"Ọ̀kan, ẹ ti kọ owó rẹ̀. Àwọn yòókù, ènì ni."

"Ènì kì í ṣe ọjà."

"Dádì, ọjọ́ Ìsinmi ni ọ̀la. Ẹ jẹ́ kí á bi àwọn ìyá ìjọ."

Dọ́là mẹ́ta ni mo pe ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn ìyá tó wa mọ́tò wá láti Katy àti Rosenberg, tí etí ọmọ wọn ti pọ́n bí tàtàṣé, wọ́n rà á tán kí ẹnikẹ́ni tó bu ìrẹsì. Ẹnìkan tẹ́wọ́ pé kí n fi ènì sí i, mo ní kó lọ gbà á ní Pẹrú. Ọkọ mi dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó gba owó náà, ó yọ dọ́là kan tí mo pàdánù lórí súwẹ́tà kúrò nínú rẹ̀, ó wá ka ìyókù sí mi lọ́wọ́ níwájú àwọn ọmọ wa: dọ́là mọ́kànlélógójì.