Orin Ìdágbére ní Gagi

"Ohun tí à ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ló wà." Gbogbo ẹni tó bá gbọ́ pé Sókótó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ló máa ń pa òwe yìí fún mi, tí á sì rẹ́rìn-ín bí ẹni pé òun ló kọ́kọ́ rántí rẹ̀. Ọdún kẹfà tí mo ti ń gbọ́ ọ rèé. N kì í rẹ́rìn-ín mọ́.

Olùkọ́ ni mí. Ìjọba ló gbé mi wá síbí láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyàwó mi àti àwọn ọmọ wa méjì bá mi wá, wọ́n fara dà á fún ọdún méjì, kí ooru àti ọ̀rọ̀ àwọn ajínigbé tó lé wọn padà sílé. Ilé oníyàrá mẹ́ta tí a háyà ní àdúgbò Gagi wá di tèmi nìkan. Láàárín ọ̀sẹ̀, ó kéré tán, mo máa ń rí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá wí. Tó bá di Sátidé, kò sẹ́ni tí mo lè jágbe mọ́. Màá lọ sọ́dọ̀ mài ṣágò, onísọ́ọ̀bù ojú títì wa, màá ra ṣúgà, kí n lè gbọ́ kí èèyàn kan sọ pé "sànnú" fún mi. N kì í mu ṣúgà. Páálí rẹ̀ mẹ́rin ló wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi nígbà kan.

Ohùn báàsì ni mo máa ń kọ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ ìsinmi kan, àlejò kan di ọwọ́ mi mú lẹ́yìn ìsìn. Súlù ni, láti Gúúsù Áfíríkà, ẹnjiníà tó wá to ẹ̀rọ sí ilé iṣẹ́ kan. Ó ní ohùn mi rán òun létí àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá òun. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹnì kan ló máa ń lé orin lókè, gbogbo báàsì yòókù á tẹ́ ara wọn sábẹ́ rẹ̀. Ó fẹ́ da irú orin bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́ jáàsì, ó sì ń wá ẹni tó lè fọn sákísófóònù. Mo mọ ẹnì kan: ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Sókótó, tó ń ta páàtì kẹ̀kẹ́ Márúwá ní Mabera. Bàbá rẹ̀ ló fi fèrè náà sílẹ̀ fún un.

Bí ẹgbẹ́ olórin wa ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ní ọ̀sán Sátidé, bí onífèrè bá ti kí ìrun alásárì tán lórí ẹní nínú pálọ̀ mi, tí a sì mu fúrá díẹ̀, a ó bọ́ bàtà. Ará Súlù á lé, èmi á gbè é nísàlẹ̀, a ó máa rọra gbẹ́sẹ̀ lórí táìlì, fèrè á sì máa rìn gbéregbère láàárín wa. Mo láyọ̀. N kò ní parọ́, mo láyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ fún ẹni tí ìyàwó rẹ̀ wà lọ́nà jíjìn.

Nígbà náà ni lẹ́tà ìjọba dé. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí mo ti ń bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dá mi padà sílé. Wọ́n gbà: Ògbómọ̀ṣọ́, ní táàmù tó ń bọ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì kọ èsì pé n kò tíì ṣetán, kí wọ́n fún ẹlòmíràn. Mo sọ fún ìyàwó mi pé n kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ó ní òun á tún gbààwẹ̀ sí i. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi gbààwẹ̀ lórí lẹ́tà tí mo ti kọ̀.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, ará Súlù ní iṣẹ́ òun ti parí, òun ń lọ sílé. Ó kọ orin kan tí a máa kọ níbi tí wọ́n ti máa ṣe ìdágbére fún un. Lédè wọn, ẹni tó ń lọ ló ń sọ pé "sala kahle", pé kí ẹni tó kù dúró dáadáa. Ẹni tó dúró á dáhùn pé "hamba kahle", máa lọ dáadáa. Òun á kọ ti àkọ́kọ́, èmi á fi ìkejì gbè é. Kò le rárá. Àmọ́ bó bá ti kàn mí, "sala kahle" lẹnu mi ń sọ. Ó rẹ́rìn-ín nígbà àkọ́kọ́. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó dá orin dúró, ó bi mí pé ta ló ń lọ gan-an.

Inú bí mi. Mo ní irú èdè wo ló ń pín ìdágbére sí méjì? Lọ́dọ̀ tiwa, ó dàbọ̀ ni, ẹni tó ń lọ ń sọ ọ́, ẹni tó dúró ń sọ ọ́.

"Hábà, ẹ̀gbọ́n!" Onífèrè gbé fèrè sórí itan. "Ẹ má bínú. Ó dàbọ̀ tiwa yẹn, àwọn méjèèjì ló jọ ń retí àbọ̀. Ti ọ̀gá yìí, wàláhì, kò retí nǹkan kan."

Mo dọ́gbọ́n wọ kíṣìnnì bí ẹni tó fẹ́ bu omi, mo sì dúró síbẹ̀ títí ojú mi fi gbẹ.

Lọ́jọ́ ìdágbére, nínú gbọ̀ngàn kan ní Gawon Nama, mo tún ṣì í kọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi àwa mẹ́ta. Ará Súlù di ọwọ́ mi mú, ó sì fúnra rẹ̀ kọ èsì náà fún mi. Wọ́n pàtẹ́wọ́ gan-an.

Ó lọ ní ọjọ́ Túsìdeè. Onífèrè wá ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó kírun, ó mu fúrá, a wo ara wa. Kò sẹ́ni tó máa lé orin. Kò wá mọ́ lẹ́yìn ìyẹn, n kò sì dá a lẹ́bi, ó ní ìyàwó nílé.

Ẹnì kan ti fi fóònù ká orin náà sílẹ̀. Mo fi ránṣẹ́ sí ìyàwó mi, ó sì pè mí lọ́sàn-án ọjọ́ kejì.

"Ó dùn o. Kí lẹ̀ ń sọ níbẹ̀ yẹn, níbi tí ohùn yín ti lọ sílẹ̀?"

"Pé kí ẹni tó kù dúró dáadáa."

"Ẹni tó ń lọ ló ń sọ ìyẹn, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Dádì! Ṣé lẹ́tà yẹn ti dé ni?"

Ayọ̀ tó wà nínú ohùn rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí mo lè gbé lọ. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ọjọ́ tó dé, èsì tí mo kọ, àti ọ̀rọ̀ Sátidé. Mò ń gbọ́ àwọn ọmọ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń jà lórí tẹlifíṣọ̀n.

"Ẹ ṣé tí ẹ sọ fún mi," ó ní. "Àtọdún tó kọjá làwọn ọmọ ti ṣíwọ́ bíbéèrè ìgbà tí ẹ máa dé. Èmi nìkan ló kù."