Ààwẹ̀ Tí Mo Gbé Wọ Bísínẹ́ẹ̀sì Kíláàsì

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ bá mi fa àga yín sún mọ́bí díẹ̀, torí ohun tí ojú mi rí lókè òfurufú lẹ́nu àìpẹ́ yìí kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá nìkan mọ̀. Èmi ni mo wọ bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì yí ayé po, tí mo sì fi ebi pa ara mi láti Dublin títí dé ojú ọ̀run Amẹ́ríkà! Kí ẹ tó bú mi, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Àwọn tó mọ̀ mí mọ̀ pé Ongar, ní Dublin, ni mò ń gbé, àti pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́ látìgbà tí mo ti dé Ireland. Iṣẹ́ alẹ́ ni, ọdún kejìdínlógún rèé. Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fi ta mí lọ́rẹ, Tèmi lorúkọ rẹ̀. Hartstown ló ti lọ sílé ìwé. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá bá a sọ ọ́, òyìnbó Dublin ni yóò fi dá yín lóhùn. Iṣẹ́ tó ń ṣe báyìí máa ń gbé e wọ bàálù káàkiri, wọ́n sì máa ń fún un ní pọ́ìǹtì lórí gbogbo ìrìn tó bá rìn. Mi ò mọ ohun tí wọ́n ń fi pọ́ìǹtì ṣe. Mo rò pé bíi ti súpámákẹ́ẹ̀tì ni, tí wọ́n á fún èèyàn ní ife tíì kan tó bá pẹ́.

Àṣé ọmọ yìí ń kó o jọ ni! Nígbà tí mo pé ọgọ́ta ọdún, ó gbé tíkẹ́ẹ̀tì tó fi pọ́ìǹtì rẹ̀ gbà lé mi lọ́wọ́ nínú kíṣìnnì. Dublin sí New York, New York sí Los Angeles, Los Angeles sí Tokyo, Tokyo sí Singapore, ká tó padà wálé. Èèyàn méjì. Bísínẹ́ẹ̀sì kíláàsì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin! Mo pariwo débi pé ará ilé kejì gbá ògiri. Èmi tó jẹ́ pé ẹ̀yìn bàálù pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ni mo máa ń jókòó sí lọ sí Èkó!

Ohun tí Tèmi fi bẹ̀ mí kò ju ẹyọ kan lọ: ká jọ máa jẹun pọ̀ lójú ọ̀nà. Mo ní, kí ni ìyẹn? Ṣé oúnjẹ náà ni wọ́n ń bẹ èèyàn kó tó jẹ?

Ibi tí wàhálà ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọ̀sẹ̀ méjì kí a tó gbéra, ìjọ wa kéde ààwẹ̀ ọlọ́jọ́ mọ́kànlélógún, láti òru títí di aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Ìrìn-àjò wa bọ́ sáàárín rẹ̀ gẹ́lẹ́. Èmi sì ni olórí ẹgbẹ́ àdúrà! Látọjọ́ tí wọ́n ti fi mí sípò yẹn, mi ò jẹ ààwẹ̀ kankan rí. Gbogbo ìjọ ló mọ̀, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n mọ̀ ọ́n. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Ṣé mo wá sọ fún Tèmi? Rárá o! Mo mọ̀ pé yóò ní kí n pa ààwẹ̀ tì. Mo bá dá ọgbọ́n tèmi. Aago kan ọ̀sán ni bàálù yóò gbéra ní Dublin. Tó bá fi máa di aago mẹ́fà, a ó ti wà lójú ọ̀run, màá ṣínu, a ó jọ jẹun, kò sì sẹ́ni tó máa mọ nǹkan kan. Kí ló tún kù?

Lọ́jọ́ Ajé tí a gbéra, a kọ́kọ́ wọ láọ́ńjì, ìyẹn yàrá tí àwọn èrò iwájú ti máa ń sinmi de bàálù. Ẹ gbà mí! Tìmùtìmù rírọ̀, fèrèsé ńlá tí èèyàn fi ń wo àwọn bàálù bí wọ́n ṣe ń balẹ̀, oúnjẹ tẹ́ lọ bẹẹrẹ, kò sì sẹ́ni tó ń gba owó. Ẹja wà, sọ́sééjì kéékèèké wà, síkóònù, ìyẹn búrẹ́dì kékeré, òun jáàmù wà. Tèmi gbé àwo méjì wá, ó gbé ọ̀kan síwájú mi. Mo ní mo ti yó wá láti ilé. Ó wò mí títí, torí ó mọ̀ pé èmi kì í yó láti ilé tí oúnjẹ ọ̀fẹ́ bá wà níta.

Bó ṣe yíjú báyìí, mo sáré di síkóònù mẹ́ta sínú tíṣù, mo tì í bọ báàgì, fún aago mẹ́fà. Ọwọ́ ẹ̀ bà mí! "Mum, you can't be robbing the scones," ló wí, ojú ń tì í, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Ó dá jẹ tirẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti jókòó níwájú bàálù rí? Mi ò fẹ́ fọ́nnu, ṣùgbọ́n ó yẹ kí n ròyìn. Ìjókòó tó ń na ara rẹ̀ di ibùsùn tí èèyàn bá ti tẹ bọ́tìnnì! Tówẹ́ẹ̀lì gbígbóná! Wọ́n ń fi orúkọ pè mí! Èmi tí mo máa ń kúnlẹ̀ wọ ìbọ̀sẹ̀ fún arúgbó, ẹnì kan kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń béèrè bóyá ara tù mí. Omi fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lójú mi.

Òṣìṣẹ́ bàálù náà tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì mi, ó bi mí pé kí ni màá jẹ. Mo ní ó dìgbà tó bá yá. Tèmi béèrè bóyá ara mi ò yá ni. Mo ní ara mi le, ikùn mi ni kò tíì ṣí. Ó tún dá jẹ tirẹ̀.

Èmi ń wo aago. Aago mẹ́rin. Aago márùn-ún. Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, mo ti nu ọwọ́ mi, ojú mi ti wà lára bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń pe òṣìṣẹ́, ni awakọ̀ bàálù bá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ nínú ẹ̀rọ. Ó ní ibi tí à ń lọ fi wákàtí márùn-ún wà lẹ́yìn Dublin, kí a tún aago wa ṣe. Tèmi na ọwọ́, ó bá mi yí i padà. Kí n tó ṣẹ́jú, aago mẹ́fà ti di aago kan ọ̀sán!

Mo wo ìta. Oòrùn dúró lójú kan bíi ti ayé Jóṣúà. Aago mẹ́fà ti ibo wá ni kí n tẹ̀ lé, ti Dublin ni àbí ti Amẹ́ríkà? Ẹlòmíì á ní ti Dublin, á sì jẹun. Ṣùgbọ́n olórí ẹgbẹ́ àdúrà ni mí! Mo dá ẹjọ́ náà fún ara mi pé ibi tí èèyàn bá ń lọ ni kó máa fi aago rẹ̀ sí. Mo mu omi, mo na gbalaja sórí ibùsùn olówó ńlá, ebi sì ń pa mí.

Nígbà tí a dé New York, aago mẹ́rin ò tíì lù. A wọ láọ́ńjì míì tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ. Alásè kan dúró níbẹ̀, ó ń gé ẹran sísun fún ẹni tó bá na àwo sí i. Tèmi kò gbé àwo méjì wá mọ́. Ọ̀kan ló gbé, ó sì lọ jókòó kọjú sí fèrèsé. Ìyẹn dùn mí, síbẹ̀ mi ò jẹ́wọ́ ààwẹ̀ fún un. Agídí mi pọ̀, ẹ bi àwọn tá a jọ wà nínú ẹgbẹ́.

A wọ bàálù kejì nígbà tó ku ogún ìṣẹ́jú kí aago mẹ́fà lù. Mo ní Ọlọ́run ṣeun, ó ti dé tán. Ìgbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún, awakọ̀ tún gbé e dé! Ó kí wa káàbọ̀, ó ní Los Angeles fi wákàtí mẹ́ta wà lẹ́yìn New York, aago mẹ́ta ọ̀sán ku díẹ̀ ni níbẹ̀. Háà! Ta ni mo ṣẹ̀? Aago tí mò ń lé, òun náà ń sá!

Nígbà tí wọ́n ní a lè tú bẹ́líìtì wa, mo dìde pé kí n na ẹsẹ̀. Òòyì gbé mi. Òṣìṣẹ́ bàálù kan ló gbá mi mú kí orí mi tó kan ilẹ̀. Wọ́n gbé mi padà sórí ìjókòó, wọ́n ń béèrè bóyá dókítà wà láàárín èrò. Jìnnìjìnnì ti bo Tèmi. Wọ́n gbé omi ọsàn sí mi lẹ́nu. Ẹ wá gbọ́ ohun tí èmi yìí sọ! Mo ní, "Aago mẹ́fà ò tíì lù."

Bí àṣírí ṣe tú nìyẹn. Tèmi bi mí pé ṣé ààwẹ̀ ni, láti ìgbà wo? Mo ní láti òru ní Dublin. Mo rò pé yóò jágbe mọ́ mi. Kò jágbe. Ó jókòó sẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, ó ń sunkún jẹ́jẹ́. Ó ní ní gbogbo ìgbà tí òun ń dàgbà, inú máíkírówéèfù ni oúnjẹ òun máa ń wà, pẹ̀lú ìwé pélébé pé kí òun gbé e gbóná. Aládùúgbò wa kan máa ń wá sùn tì í, ṣùgbọ́n Tèmi nìkan ló máa ń jẹun, èmi á ti lọ síbi iṣẹ́. Ó ní òun ò bínú, òun mọ̀ pé torí òun ni mo ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ̀rọ̀ tó wọ̀ mí lára:

"I picked the plane, Mum, because it's the one place you can't get up and go to work."

Pé inú bàálù nìkan ni ìyá òun ò ti ní lè dìde nídìí oúnjẹ! Ìtìjú bò mí. Ta ni mò ń gba ààwẹ̀ yìí fún gan-an? Tí n bá máa sọ òótọ́, kì í ṣe Ọlọ́run nìkan. Àwọn tó máa ń sọ pé Màmá Tèmi kì í jẹ ààwẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ìyìn wọn sì dùn mọ́ mi ju bó ṣe yẹ lọ. Orúkọ ni mò ń tọ́jú, ọmọ mi sì ń dá jẹun.

Mo gba omi ọsàn náà, mo mu ún tán. Mo ní kí wọ́n gbé oúnjẹ ẹni méjì wá. Aago mẹ́fà ò tíì lù níbi tí à ń lọ, mo sì mọ̀ ọ́n. A jẹ adìyẹ, a jẹ ọ̀dùnkún, Tèmi ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ẹ̀rù Ọlọ́run ṣì ń bà mí díẹ̀, mi ò ní purọ́ fún yín.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nínú láọ́ńjì ní Los Angeles, mo pe pásítọ̀ wa. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, mo ní tí wọ́n bá fẹ́ gba ipò olórí lọ́wọ́ mi, mo fara mọ́ ọn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ ka ìkéde yẹn fún ìjọ ni?" Ó ní ó wà nínú rẹ̀ kedere pé ààwẹ̀ kò kan aláìsàn, aláboyún àti arìnrìn-àjò!

Ẹ wá wo nǹkan! Èmi ni mo dúró níwájú ìjọ. Ẹnu mi ni mo fi kà á. Mo tún ní kí wọ́n fetí sílẹ̀! Ọ̀rọ̀ àwọn aláìlera ni mo kà á sí, mi ò mọ̀ pé ó kàn mí. Tèmi gbọ́ gbogbo rẹ̀ lórí fóònù, ó rẹ́rìn-ín títí kọfí fi gba imú rẹ̀ jáde.

Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn la kúrò ní Los Angeles. Ìgbà tí a fi máa balẹ̀ sí Tokyo, ọ̀sán Ọjọ́rú ni! Tèmi ṣàlàyé pé ibì kan wà lórí òkun tí ọjọ́ ti ń yí padà. Ìrọ̀lẹ́ Ìṣẹ́gun ò dé ọ̀dọ̀ wa rárá. Ẹ rò ó wò: ká ní mo ṣì ń bá agídí mi lọ, aago mẹ́fà tí mi ò bá máa retí ò sí láyé!

Àmọ́ oúnjẹ la fi ọ̀nà yẹn jẹ. Wọ́n ń gbé e wá nínú abọ́ kéékèèké, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, bíi pé ọmọdé ló ń ṣeré ìdáná. Tèmi ń sọ̀rọ̀, èmi ń jẹ, èmi ń gbọ́. Ó sọ fún mi nípa iṣẹ́ rẹ̀. Ó sọ nípa ọmọkùnrin kan tí wọ́n ti jọ ń fẹ́ra láti ọdún tó kọjá. Ọdún kan gbáko! Ilé kan náà là ń gbé o! Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi. Kò fi ìbínú dá mi lóhùn. Ó kàn ní, "When, Mum?"

Mo gé nínú ẹja tèmi, mo fi sí abọ́ rẹ̀.

Gbogbo ìyókù ìrìn-àjò náà, ìgbádùn ni. Ní láọ́ńjì Singapore, mo wẹ̀ nínú balùwẹ̀ tó dára ju yàrá mi lọ, mo jáde, mo jẹ núdùlù ọlọ́bẹ̀ abọ́ méjì, mi ò sì di nǹkan kan sínú tíṣù. Nígbà tí a padà dé Ongar, mo gba ọjọ́ tó kù nínú ààwẹ̀ ìjọ pé, pẹ̀lú ayọ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ ò le. Àṣejù, baba àṣetẹ́ ni, kódà nínú ohun rere. Tí ọmọ yín bá ní kí ẹ wá jókòó, ẹ jókòó. Ẹ má wo aago. Ẹ̀yin náà ńkọ́? Ta ló ti gbé oúnjẹ síwájú yín rí tí ẹ ò jẹ, tó wá ń dùn yín títí dòní? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí, mo fẹ́ kà á.

Ṣùgbọ́n mi ò ní lè dáhùn lálẹ́ òní. Ìrẹsì wà lórí iná, ọmọkùnrin yẹn ń bọ̀ wá jẹun, mo sì ti sọ fún wọn níbi iṣẹ́ pé mi ò wá.